Ẹrù Ẹ̀gbọ́n Mi Dé Ayédé

Sátidé, Ùsì.

Gíá ọkọ̀ mi ti wọlé. Mo rọra yí abọ́ irin ẹnu rẹ̀ títí ó fi jókòó wọnú pọ́ǹpù ọ́ìlì inú gíá, kí n tó de nọ́ọ̀tì kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní sùúrù yẹn nígbà tó bá mi dè é lóṣù tó kọjá. Nọ́ọ̀tì ló fi fà á wọlé tipátipá, pọ́ǹpù sì fọ́. Ó wá ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọkọ̀ jákujàku ni mo rà.

Ẹnu yẹn náà ló fi pè mí nírọ̀lẹ́: "Mo gbọ́ pé ọkọ̀ ti ń rìn. Gbé mi dé ulé àwọn àna mi l'Áyédé lọ́la."

"Kò burú, ẹ̀gbọ́n mi."

Aṣọ funfun ló máa ń wọ̀ lọ síbẹ̀.

Mo ti kó iṣu kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Pọ́ǹpù fífọ́ wà lórí àga iwájú, ọ́ìlì ṣì ń kán lára rẹ̀. Orí itan ara rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi yóò gbé e lé, títí àwọn àna rẹ̀ yóò fi bi í pé kí lèyí.