Ìwọ̀n Rẹ Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ọmọ mi ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́,

Ṣé o jí dáadáa, ṣé ara rẹ le, ṣé ò ń jẹun lásìkò? Àwa náà wà dáadáa. Ojú wa ò ní ríbi lórí rẹ láéláé. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó ń rẹ́ pákó lẹ́yìnkùlé, inú ariwo ayùn rẹ̀ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí náà tó o bá rí i pé ìkọ̀wé mi wọ́, òun ni kó o bá wí. Ilé wà bó o ṣe fi í sílẹ̀, àfi ilẹ̀kùn iwájú tí mò ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Láti ìgbà tó o wálé kẹ́yìn, tó o jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi tó o ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún mi, èmi náà ti ń ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn oníbàárà mi. Mo ní ọmọ mi ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní sáfà, inú yàrá tútù ni wọ́n ń gbé, wọn ò lójú, wọn ò lẹ́nu, síbẹ̀ gbogbo ayé ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ìwọ náà jọ̀ọ́, máa wọ súwẹ́tà tó o bá fẹ́ wọbẹ̀. Mo ní o kì í fọwọ́ tún wọn ṣe. Ńṣe lo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó o ṣe fẹ́ kí sáfà rí, á ka ìwé náà, á sì tún ara rẹ̀ ṣe látòkè délẹ̀ títí á fi rí bó o ṣe kọ ọ́. Ẹni tó bá sì lọ fọwọ́ tún un ṣe ní kọ̀rọ̀ ti dá wàhálà sílẹ̀, torí tó bá dọ̀la kò ní sẹ́ni tó máa mọ ohun tó ṣe. Ìyá oníbúrẹ́dì bi mí pé ṣé àdúrà lò ń gbà fún wọn ni. Mo ní rárá o, iṣẹ́ olówó oṣù ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára débi pé nígbà tí ilẹ̀kùn iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í há, mo ní kí bàbá rẹ gbé òòlù rẹ̀ jìnnà. Mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ, mo kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: Ilẹ̀kùn yìí ń ṣí wẹ́rẹ́, ó sì ń tì wẹ́rẹ́. Mo wá jókòó tì í. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i, ojú fèrèsé la wá ń gbà wọlé, bàbá rẹ sì ń kùn pé àgbà bíi tòun. Lọ́jọ́ kan mo gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, mo padà dé, ilẹ̀kùn ṣí wẹ́rẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ìgbà tí mo tẹjú mọ́ ọn ni mo rí ìṣó tuntun. Mi ò bá bàbá rẹ jà. Mo ṣáà na ṣọ́ọ̀kì sí i pé kó kọ ẹni tó jẹ́, ohun tó yí padà àti ìdí ẹ̀, bó o ṣe ní ẹ máa ń ṣe níbi iṣẹ́ yín. Ó kọ ọ́ pé: Èmi bálé ilé ni mo kàn án níṣòó, nítorí ó ti sú mi láti máa gba ojú fèrèsé.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú iṣẹ́ rẹ ni pé ẹ kì í ju àná nù. O ní bí nǹkan bá bàjẹ́ lónìí, ẹ lè dá ẹ̀rọ náà padà sí bó ṣe rí lánàá, kódà sí bó ṣe rí léṣìí. Èmi ti rán aṣọ títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì, aṣọ tí mo bá sì ti gé, mo ti gé e náà nìyẹn. Mo bi ọ́ nígbà yẹn pé ṣé ẹ ò lè bá mi dá ilé yìí padà sí ìgbà tó o máa ń sùn sórí àjákù aṣọ lábẹ́ tábìlì mi. O rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe.

Bàbá rẹ fẹ́ kun yàrá rẹ lọ́dà kó lè gba ayálégbé sí i. Mo ní kó kun ibi tó bá wù ú, àmọ́ ọ̀dà ò gbọdọ̀ kan ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀n ara rẹ tí mo fi ń ránṣọ fún ọ wà, látorí aṣọ ilé ìwé rẹ àkọ́kọ́, mo sì kọ ìdí tí wọ́n fi yí padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: ó tún ga, ó ṣàìsàn, ó rù, ó ní òun ò fẹ́ apá gígùn mọ́. O sọ fún mi pé bí ìwé bá ti jẹ́ ìkan náà, ohun tó máa jáde á jẹ́ ìkan náà nígbàkigbà. Ni mo bá mú ìwọ̀n tó gbẹ̀yìn, mo fi rán aṣọ aláwọ̀ ewé tó o fẹ́ràn. Ó jáde bó ṣe yẹ kó jáde. Mo gbé e kọ́, mo ń wò ó, ni mo bá bú sẹ́kún. Mi ò mọ̀ bóyá o ti sanra tàbí o ti rù. Gbogbo àná rẹ wà lọ́wọ́ mi, ọmọ mi, tòní ni kò sí.

Mo mọ̀ pé ò ń pè, o sì máa ń ní iṣẹ́ ò jẹ́ kó o ráyè. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé àwọn sáfà yìí ń tún ara wọn ṣe lóòótọ́, ṣé wọn ò lè dá wà fún ọ̀sẹ̀ kan? Ojú lọ̀rọ̀ wà, fóònù ò sì ṣe é fi wọn èjìká.

Ní ti owó, a nílò rẹ̀, mi ò ní purọ́. Ẹ̀rọ mi ń fẹ́ okùn tuntun, ayùn bàbá rẹ náà ti kújú. Ṣùgbọ́n má fi rán ẹnikẹ́ni, má sì gba báǹkì rán an, mi ò fọkàn tán báǹkì tó ń kó owó sínú fóònù. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o mú un wá.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ìwọ àtàwọn sáfà rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní bàjẹ́ débi tí kò ní ṣe é dá padà.

Èmi ni ìyá rẹ, aránṣọ rẹ.

Mo fẹ́ gbàgbé. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ láàárọ̀ yìí, lókè ìwọ̀n tó gbẹ̀yìn. Mo fi àyè ìwọ̀n sílẹ̀ lófìfo, ìdí ẹ̀ nìkan ni mo tíì kọ: ó wálé.