Ààbọ̀ Oògùn Tó Sọnù

Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
Ẹ̀yìn Ọsibítù.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ẹsẹ̀ màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń ká eyín. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ká má fọ̀rọ̀ gùn, ẹ̀ṣẹ̀ ni mo fẹ́ jẹ́wọ́.

O mọ iṣẹ́ mi ní yàrá kọ̀ǹpútà ọsibítù. Nínú èdè tí a fi ń kọ ètò, bí o bá fẹ́ kó nǹkan sínú àpótí, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ irú ohun tó máa wà níbẹ̀: ṣé odidi nọ́ńbà ni, ṣé nọ́ńbà tó ní ààbọ̀, àbí ọ̀rọ̀. Ó máa ń sú wa. Ni mo bá kọ makíró kan, ìyẹn àṣẹ kúkúrú tó ń báni kọ àṣẹ gígùn. Ohun àkọ́kọ́ tí o bá fi sínú àpótí ni makíró á wò, á sì fúnra rẹ̀ mọ irú àpótí tó jẹ́. Gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́ fún mi. Orí mi wú, mo lọ fi í sínú ètò tí ìyàwó rẹ àti àwọn nọ́ọ̀sì yòókù fi ń kọ ìwọ̀n oògùn.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ń dán ètò náà wò. Mo tẹ méje ààbọ̀, méje ló gbé jáde. Mo tún un tẹ̀. Méje. Mo lọ yẹ ohun tí mo kọ wò. Èmi ni mo fi òdo sínú àpótí oògùn kó lè rí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀. Makíró rí òdo, ó ní odidi nọ́ńbà ni, ààbọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá sì tẹ̀ síbẹ̀, ńṣe ló ń gé e dànù láìsọ fún ẹnì kan. Ojú ẹsẹ̀ ni mo yọ makíró náà kúrò.

Ìyàwó rẹ ò purọ́. Ìwé dókítà ní ṣíbí méjì ààbọ̀, òun náà sì tẹ méjì ààbọ̀ fún ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin yẹn. Ètò mi sọ ọ́ di méjì, àwọn nọ́ọ̀sì tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń fún ọmọ náà ní méjì fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Oògùn ò ká àrùn náà; ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ òsì ò gbọ́ràn mọ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pe ìyàwó rẹ síwájú ìgbìmọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo tẹ ààbọ̀ yẹn o. Mo ṣì mọ ìka tí mo fi tẹ̀ ẹ́." Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé.

Ìwọ wá bi mí bóyá ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe, torí o gbà pé mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Mo ní ẹ̀rọ kì í purọ́, ohun tí èèyàn bá tẹ̀ ló máa sọ. Ẹyin lọ̀rọ̀; ó bọ́ lẹ́nu mi, ó fọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lo wá kó àwọn ìbejì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, o ní ẹni tí kò lè wọn oògùn ọmọ ọlọ́mọ, o ò ní fi tìrẹ sí i lọ́wọ́. Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè wo jígí fá irùngbọ̀n.

Mo ti kọ̀wé jẹ́wọ́ fún ọ̀gá pátápátá. Ó ka ìwé mi, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀, ó ní ìgbìmọ̀ á gbé e yẹ̀wò bí wọ́n bá tún jókòó, bóyá lóṣù mẹ́ta sí i. Mo wá lọ sílé bàbá ìyàwó rẹ, níbi tó wà báyìí. Ìyá Ìbejì ti rù. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti lọ̀ ọ́. Ó gbọ́ mi tán, kò ṣépè, kò sunkún. Ó kàn béèrè bóyá mo ti sọ fún ọ. Mo ní rárá. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ. Òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ òun lè gba òun gbọ́ láìsí ẹ̀rí, kó sì fúnra rẹ̀ kó àwọn ọmọ padà wá. Mo ṣèlérí fún un.

Bá mi kí màmá, kí o fọwọ́ pa àwọn ìbejì lórí fún mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dákẹ́, tí mò ń retí pé o máa kó wọn padà lọ bá a. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, ọ̀rẹ́ mi: láìsí ẹ̀rí, o ò ní lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ba ìlérí jẹ́, tí mo kọ lẹ́tà yìí.

Èmi ni, bí o bá ṣì fẹ́ mi lọ́rẹ̀ẹ́,
Kúkúrú.