Òdòdó Ìyá Ìbejì Tó Ṣìnà Ní Pákò

Rùkáyyàh, àbúrò wa, ọdún mẹ́ta pé lónìí tí o ti kọ ẹ̀yìn sí wa. Ọdún mẹ́ta! Àwọn tó wá kí wa láàárọ̀ yìí ń sọ pé ó máa ń fúyẹ́ tó bá ti pẹ́ díẹ̀. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Kò fúyẹ́ rárá, a kàn ti ṣíwọ́ ẹkún létí aráyé ni.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ ròyìn ilé fún ọ, bí o ṣe máa ń fẹ́ kí a ṣe tí o bá ti àjò dé. Àwọn ìbejì rẹ ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Táyé ti ga ju Kẹ́hìndé lọ, ẹnu Kẹ́hìndé sì ti pọ̀ ju ti gbogbo wa lọ, o mọ ibi tó ti jogún rẹ̀. Làtíífàt, àbíkẹ́yìn wa, ló di iṣẹ́ láfún rẹ mú. Orí àpáta kan náà ló ń sá a sí. Àwọn oníbàárà láti Èrúwà ṣì ń bèèrè láfún Ìyá Ìbejì, kò sẹ́ni tó bèèrè ti Làtíífàt rí, ó sì ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ilé tí Hàkímù ọkọ rẹ ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ ti parí! Ó ti kan òrùlé rẹ̀, ó ti lẹ táìlì mọ́lẹ̀, ó sì la fèrèsé ńlá kan sí yàrá rẹ, kí o lè máa wo àpáta láfún rẹ láti orí ibùsùn. Kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀. Ó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ó sì ń ti ilẹ̀kùn padà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìròyìn ilé la ṣe ń kọ èyí lọ́dún yìí. Ọ̀rọ̀ òdòdó ni. Wọ́n fi òdòdó ránṣẹ́ sí ọ, Rùkáyyàh, o kò sì mọ̀ títí o fi lọ.

O rántí Ìléyá yẹn. O ti sọ fún àwọn ọmọ pé bàbá wọn ń bọ̀ láti Àbújá. O di irun wọn, o fọ ilé, o bu ẹran àyà pamọ́ dè é. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Hàkímù pè pé ọ̀gá àwọn kò jẹ́ kí ẹnì kan kúrò níbi iṣẹ́, pé òun ò ní lè wálé. O bi í bóyá obìnrin ni ọ̀gá náà. Òun náà, tó ti ń po kọnkéré láti àárọ̀ ọjọ́ ọdún, gbaná jẹ. Ó sọ ohun tí ọkọ kì í sọ sí aya tó bímọ fún un: "Tó bá sú ọ, kó ẹrù rẹ, máa lọ sílé bàbá rẹ!" O pa fóònù.

Hàkímù ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì délẹ̀ tí òun ti ń wá bí òun yóò ṣe kó o jẹ padà. Ó pè ọ́, kò wọlé. Ó pè ọ́ lọ́jọ́ kejì, kò wọlé. Ó pè ọ́ lọ́jọ́ kẹta.

Ibi tí tiwa ti wọ̀ ọ́ rèé, a ò sì ní fi pamọ́ mọ́. Ìwọ fẹ́ tan fóònù lọ́jọ́ kejì yẹn. Àìṣát, ẹ̀gbọ́n wa àgbà, ló ní kí o má tan án. Ó ní, "Jẹ́ kó làágùn díẹ̀ ná, ẹnu ẹ̀ á rọ̀." Gbogbo wa nílé Àbdùlàhí, bàbá wa, la bú sẹ́rìn-ín. Àwa la gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ, tí a tì í mọ́nú àpótí Màmá. Eré la pè é. A fẹ́ kí o gbádùn ẹ̀bẹ̀ díẹ̀ ni, Ọlọ́run ló mọ̀.

Ọ̀rẹ́ Hàkímù kan níbi iṣẹ́ ló sọ fún un pé ní Àbújá, bí ìyàwó bá ń bínú, òdòdó ni wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́. Hàkímù rẹ́rìn-ín. Òdòdó kẹ̀? Ewúrẹ́ ló ń jẹ òdòdó ní Igbó-Ọrà! Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún tí kò gbọ́ ohùn rẹ, kò rí ẹ̀rín rín mọ́. Ó wá a lórí fóònù títí ó fi kan Olúwayẹ́misí, ọmọbìnrin kan tó jáde ní pólì Èrúwà, tó ń gbin òdòdó sẹ́yìn ilé, tí ọlọ́kadà rẹ̀ sì ń gbé e lọ fún ẹni tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí, ní Láńlátẹ̀, ní Igbó-Ọrà, títí dé Àyétẹ̀.

Olúwayẹ́misí ní kó sọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kọ sára káàdì. Odindi ọ̀sán kan ni bíríkìlà náà fi wá ọ̀rọ̀. Ohun tó rí kọ nìyí, a ti kà á tó bẹ́ẹ̀ tí a fi mọ̀ ọ́n sórí: "Mo ṣẹ̀ ọ́. Ilé mi ni ilé rẹ, n kò ní ilé mìíràn tí màá lé ọ lọ. Má di ẹrù kankan. Jímọ̀ ni mò ń bọ̀."

Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin yẹn bèèrè orúkọ ẹni tí wọn yóò gbé e fún. Hàkímù kọ ọ́ síbẹ̀ wéré: Ìyá Ìbejì, ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, Pákò, Igbó-Ọrà.

Ìyá Ìbejì! Ní Igbó-Ọrà! Ní ìlú tó jẹ́ pé bí o bá pe Ìyá Ìbejì lójú títì, obìnrin mẹ́ta ló máa dáhùn, ìkẹrin á sì yọjú láti ojú fèrèsé! À bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún yóò fi yípo. Ṣùgbọ́n ó yé wa. Láti ọjọ́ tí o ti bí àwọn ọmọ náà ni kò ti pe orúkọ rẹ mọ́. Ọ̀wọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Ìyá Ìbejì kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé, kò sì rò pé ẹlòmíràn tún wà tó ń jẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Àtàláátà ni Mùíz ọlọ́kadà gbé òdòdó náà wọ Pákò. Ó pe fóònù rẹ, inú àpótí Màmá ni fóònù wà. Ó bèèrè Ìyá Ìbejì lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, wọ́n bi í pé èwo nínú wọn. Ibẹ̀ ni Hàlímọ̀ aránṣọ ti yọ jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní, "Èmi rèé o, ta ló ń pè mí?" Kò purọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bí ìbejì. Mùíz gbé òdòdó lé e lọ́wọ́, ó kí i kú oríire, ó sì yí ọ̀kadà rẹ̀ padà sí ọ̀nà Èrúwà.

Ọkọ Hàlímọ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà ṣáájú ìgbà náà. Bó ṣe ka káàdì tán ló mọ̀ pé kì í ṣe tòun. Ó tilẹ̀ fura pé tìrẹ ni, nítorí gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ pé ẹ ń jà. Ó bu omi sínú abọ́, ó fi òdòdó sí i, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Ó ní tílẹ̀ bá mọ́ òun á gbé e wá fún ọ. Ilẹ̀ mọ́ ní Àlàrùba, ó wò ó, ó tún ní kó di ọ̀la. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún wa, lórí ìkúnlẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó fún mi ní nǹkan tí kì í ṣe jíjẹ rí láyé mi. Ọjọ́ méjì péré ni mo fẹ́ fi wò ó."

Ọjọ́ méjì péré! Ilé mẹ́ta ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà rẹ, Rùkáyyàh.

Àlàmísì ni òòrùn yọ lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, o sì sáré kó láfún lọ sórí àpáta. Làtíífàt wà lọ́dọ̀ rẹ. Ó ní o di orí mú, o ní kí òun bá ọ mú omi, nígbà tí òun sì máa yíjú padà, o ti ṣubú lu láfún. A gbé ọ dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà la sin ọ́. Nígbà tí a wọ yàrá rẹ láti mú aṣọ, àpò ẹrù méjì la bá lẹ́nu ọ̀nà, tìrẹ àti tàwọn ọmọ, o ti dì wọ́n pinpin.

Hàkímù dé ní Jímọ̀, bó ṣe kọ ọ́. Ó bá ilẹ̀ tútù lórí rẹ. Kò ké. Ohun àkọ́kọ́ tó bi wá ni pé ṣé o rí òdòdó. A rò pé ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú. Òdòdó wo? Ó pe Èrúwà, Èrúwà pe Mùíz, Mùíz sì mú wa lọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù Hàlímọ̀. A bá òdòdó náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì. Pupa ni wọ́n, wọn ò tíì rọ.

Kò bú obìnrin náà, kò bú Mùíz, nígbà tí Àìṣát sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ fóònù fún un, kò bú àwa náà. Ìbá bú wa! Ó kàn jókòó sórí àga ìránṣọ, ó di káàdì mú, ó sì bi wá pé ọjọ́ wo ni o di ẹrù.

A mọ ọjọ́ náà. Àlàrùba ni. Ọjọ́ kejì tí òdòdó ti wọ àdúgbò. Bí o bá ti ka káàdì yẹn ní Àtàláátà, o kò ní di àpò kankan. A lè purọ́ fún un, a lè sọ pé ọjọ́ Ìléyá gan-an lo ti dì í. Ṣùgbọ́n òótọ́ la sọ. Títí di òní, a ò mọ̀ bóyá ó dáa bí a ṣe sọ ọ́.

Láti ìgbà náà ni Hàkímù kò ti padà sí Àbújá. Ilé ló ń bá àwọn ará ìlú kọ́ káàkiri Ìbàràpá. Kò pe ẹnikẹ́ni ní Ìyá Ìbejì mọ́, bí wọ́n bá sì pe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀, á kúrò níbẹ̀. Rùkáyyàh, Rùkáyyàh ló kù tó ń pè, orúkọ tí ì bá kọ. Ẹ̀bi tó wà lọ́kàn rẹ̀ kì í ṣe pé o kú, ó ní kádàrá ni ikú. Pé o kú gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí ọkọ lé jáde, ìyẹn ni kò jẹ́ kó sùn. Àlùfáà sọ fún un pé o ti forí jì í. Ó dá àlùfáà lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ta ló sọ fún yín, Àlùfáà?"

Olúwayẹ́misí ti yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Kò gba Ìyá Lágbájá tàbí Bàbá Lágbájá mọ́. Orúkọ àbísọ lo máa kọ, ọlọ́kadà á dé ẹnu ọ̀nà, á pe orúkọ náà sókè, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ ẹ kí wọ́n tó gbé ẹrù lé e lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jẹ́ ẹ, wọn á dá a padà.

Láàárọ̀ yìí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àmín àdúrà rẹ tán nínú ilé tuntun náà ni ọ̀kadà kan dúró níta. Kì í ṣe Mùíz. Ará Àyétẹ̀ kan ni, tí kò mọ nǹkan kan nípa wa. Òdòdó pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìwé, ó gbé ohùn sókè: "Rùkáyyàh Àwẹ̀ró Sàláúdéènì!"

A wo Hàkímù, a sì mọ̀ pé òun ló ṣe é. Ó ti dìde dúró, ó yí etí sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ, bí ẹni pé lóòótọ́ ló ń retí ohùn. Ọkùnrin náà tún pè ọ́. Táyé di ọwọ́ Kẹ́hìndé mú. Ó pè ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá wo ojú wa, ó ní, "Ṣé wọn ò sí nílé ni?"

Rùkáyyàh, a pọ̀ tó ogójì nínú ilé yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó lè bá ọ jẹ́ orúkọ náà. Hàkímù mi orí sí i pé kó máa gbé e lọ. Ọkùnrin náà yọ bírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì gbé òdòdó padà sí Èrúwà.

Àárò rẹ ń sọ wá. A fẹ́ràn rẹ, Rùkáyyàh, ọkọ rẹ fẹ́ràn rẹ, ìwọ nìkan ni a kò rí sọ fún. Kẹ́hìndé ló yọjú wo ohun tí ọlọ́kadà náà kọ, òun ló kà á fún wa: "Kò sí nílé."