Sí Alákòóso, Nípa Òkè Tí Mo Ń Lọ Gùn

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi, Alákòóso ilé wa,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àníyàn. Ṣé ara le? Ṣé ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà? Ikọ́ tó ń yọ àbíkẹ́yìn rẹ lẹ́nu, ṣé ó ti fi í sílẹ̀? Mo gbàdúrà kí ìwé yìí bá ọ níbi tí ọkàn rẹ ti balẹ̀, nítorí tó o bá kà á tán, ó ṣeé ṣe kó má balẹ̀ mọ́. Ní tèmi, ara mi dá ṣáṣá. Orúnkún mi tí o máa ń béèrè nígbà gbogbo náà ní kí n kí ọ.

Àbúrò rẹ obìnrin jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, kò tilẹ̀ jókòó, ó ní o ní kí òun sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ gígun òkè ti parí, pé o ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́, kí n jókòó sílé bí àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo gbọ́. Èsì mi nìyí: mi ò jókòó. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ wa máa gbéra. A máa kọjá ẹnu ibodè bọ́ sí orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá, a máa gun òkè ńlá tó wà níbẹ̀, èmi náà á sì wà lára àwọn tó máa gùn ún. Bàbá rẹ ló sọ ọ́ ní Alákòóso láti kékeré, torí pé ìwọ lo máa ń pín ìjókòó fún gbogbo wa tá a bá wọ ọkọ̀, títí kan bàbá rẹ fúnra rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwa méjèèjì, ta ló bí ẹnì kejì?

O mọ̀ pé láti ìgbà tó o ti wà nílé ìwé ni mo ti ń bá àwọn agunkè yìí tún báàgì àti àgọ́ wọn ṣe. Tí okùn èjìká báàgì bá já, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. Mo máa rán an, mo máa tún un rán, kó má bàa já mọ́ wọn lọ́wọ́ níbi tí kò ti sí aránṣọ. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ sórí òkè yẹn, lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé e padà wá fún mi pẹ̀lú ẹrẹ̀ pupa nínú ojú ìránṣọ rẹ̀, èmi ni mo sì máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ẹrẹ̀ náà dànù. Lọ́jọ́ kan mo kàn dá ọwọ́ dúró. Mo ní, báàgì tí mo rán ti dé orí òkè yẹn àìmọye ìgbà, èmi tí mo rán an ò mọ bó ṣe rí. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo sọ ọ́ fún olórí wọn, obìnrin tín-ín-rín kan tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀ Ewúrẹ́. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹsẹ̀ mi lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní, "Ìyá, ẹsẹ̀ tó ń tẹ nǹkan yìí látàárọ̀ dalẹ́, òkè wo ni kò lè gùn?" Látọjọ́ náà ni mo ti ń bá wọn rìn láàárọ̀ Sátidé. Àwọn tó kéré sí ọ nínú wọn máa ń bẹ̀bẹ̀ pé ká sinmi kí èmi tó bẹ̀bẹ̀.

Wàyí o, ẹgbẹ́ wọn lófin kan. Ẹni tí kò bá ní ìwé adójútòfò, ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò tí gbogbo èèyàn mọ̀ yẹn, kò ní wọ ọkọ̀. Ìnṣọ́ránsì náà sì gbọ́dọ̀ kan gbogbo ohun tó lè ṣe èèyàn lórí òkè, kékeré àti ńlá. O gbọ́ èyí, inú rẹ dùn. Má wulẹ̀ sẹ́, àbúrò rẹ ti sọ fún mi. O ní ta ló máa ta ìnṣọ́ránsì fún arúgbó tó fẹ́ lọ gun òkè, pé àwọn adójútòfò fúnra wọn ló máa bá ọ lé mi padà sílé. Arúgbó! Èmi! Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló mú mi wọ bàtà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àjà kẹta ni ọ́fíìsì wọn wà, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì dúró gangan. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ta ìnṣọ́ránsì náà ń ti ìta bọ̀, ó ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn láìmọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni mò ń lọ. Ìgbà tó fi máa wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe, mo ti jókòó, mo ti ka gbogbo ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tán. Ọmọ dáadáa ni, ẹ̀kọ́ ilé wà lára rẹ̀. Ó kí mi, ó kí iṣẹ́ mi, ó kí ilé mi, ó wá ń wo ẹ̀yìn mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò náà ńkọ́, ṣé ó ń bọ̀ lẹ́yìn?" Mo ní, "Òun ló jókòó síwájú rẹ yìí." Ó rò pé eré ni mò ń ṣe. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Mo lọ. Dókítà gbọ́ àyà mi, ó ní kí n lóṣòó, kí n dìde, kí n tún lóṣòó, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tòun gan-an ga ju tèmi lọ. Mo gbé ìwé dókítà padà fún ọmọ náà, ó ta ìnṣọ́ránsì fún mi, mo dìde pẹ̀lú ayọ̀. Mo fẹ́ pè ọ́ lójú ẹsẹ̀ kí n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò pè ọ́.

Ìdí ni pé nígbà tí Ẹlẹ́sẹ̀ Ewúrẹ́ ka ìwé náà, ó dá a padà fún mi. Ó ní, "Ìyá, ìnṣọ́ránsì ẹni tó fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyí, kì í ṣe ti agunkè." Tí ẹrù mi bá sọnù, wọ́n máa san án. Tí ọkọ̀ bá pẹ́, wọ́n máa san án. Tí inú bá ń run mí, wọ́n á tọ́jú mi. Ṣùgbọ́n pé mo ṣubú lórí àpáta, pé wọ́n gbé mi sọ̀ kalẹ̀, pé ẹ̀mí bọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní tí ibi yẹn bá ṣófo, òun ò lè mú mi lọ, bó ti wù kí òun fẹ́ràn mi tó. Mo bínú gan-an. Ẹ̀rù sì bà mí, torí mo ń rò ó pé o máa borí.

Mo padà lọ gun àtẹ̀gùn yẹn. Mo bi ọmọ náà pé kí ló dé tó fi fo ibi tó ṣe pàtàkì jù. Ó wolẹ̀. Ó ń fọwọ́ pa bírò. Ó ní ìbéèrè wà fún ibẹ̀ lóòótọ́, pé dandan ni kí òun bi oníbàárà kí òun tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n òun ò lè bi mí. Ó ní, "Ẹ má bínú mà. Ẹ bí ìyá mi lọ́mọ. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ pé tí ẹ bá… pé tí nǹkan bá…" Ó ní tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òun ni, òun ì bá ti bi í. Àwọn àgbàlagbà tó ń wá, òun máa ń rọra fo ibẹ̀ ni, òun á sì fi àdúrà dí i.

Ọmọ mi, àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Mo ní, "Àdúrà rẹ dára, ṣùgbọ́n kò ní sọ̀ mí kalẹ̀ látorí àpáta." Mo ní, "Ẹnu tìrẹ ò gbà á, ẹnu tèmi gbà á. Mú bírò rẹ. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí mo bá kú." Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo ní àmín, Ọlọ́run ò ní jẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó kọ ọ́. Ó kọ ọ́.

Ó wá ṣàlàyé ohun tí wọ́n máa ṣe. Ó ní tó bá ṣẹlẹ̀ lódìkejì ibodè, àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn ló máa lọ gbé mi, àwọn ló máa bá àwọn aṣọ́bodè sọ̀rọ̀, àwọn ló máa gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ó ní ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ò ní láti wá. Ibẹ̀ ni mo ti rántí rẹ, omi bọ́ lójú mi níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Mo rántí ìgbà tí bàbá rẹ kọjá ibodè lọ ra ẹ̀yà ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń tún ṣe, tí àìsàn ká a mọ́ ilé àlejò, tí kò dìde mọ́. Àwọn ẹbí ní ìwọ ni àkọ́bí, ìwọ ló kàn láti lọ gbé òkú rẹ̀ wálé. O ò tíì pẹ́ tó jáde nílé ìwé, o ò tíì hu irùngbọ̀n. Ìwọ nìkan lo lọ, ìwọ nìkan lo jókòó tì í lẹ́yìn mọ́tò títí ẹ fi délé. O sọ̀ kalẹ̀, o gbé ẹ̀wù òtútù rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, o ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Àtìgbà náà lo ti ń kà wá: ta ló jáde, ta ló ti wọlé, ta ni kò tíì pè. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òkè lo ń sá fún. Ìrìn àjò yẹn ni o ò fẹ́ tún rìn.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ náà bi mí pé ta ni kí wọ́n pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, orúkọ àbúrò rẹ ni mo fún un. Mo sì ní kó kọ ọ́ sísàlẹ̀, kó kọ ọ́ gàdàgbà, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rán ọmọ mi ọkùnrin wá gbé mi. Ó ní kò sí àyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àwọn. Mo ní kó wá àyè. Ó wá a. O ò ní jókòó ti òkú òbí lẹ́yìn mọ́tò mọ́ láyé rẹ. Mo ti rí sí i.

Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa o. Mo mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù, ó sì ká mi lára, síbẹ̀ mi ò ní tìtorí rẹ̀ jókòó sílé. Ikú bá bàbá rẹ nílé àlejò lórí ibùsùn, kò gun òkè kankan. Tí ìbẹ̀rù bá ń dáni sí, ì bá ti pẹ́ tí mo ti ra èyí tó pọ̀ fún gbogbo yín. Má rán àbúrò bàbá rẹ sí mi. Má pe àwọn àgbà jọ lé mi lórí. Má sì lọ dààmú ọmọ tó ta ìnṣọ́ránsì fún mi, ojú rẹ̀ ti rí tó. Tí o bá fẹ́ ṣe nǹkan fún mi, wá dúró dè mí ní gáréèjì lọ́jọ́ tá a bá ń bọ̀, kó o bá mi gbé báàgì mi. Ó máa wúwo, torí mo fẹ́ mú òkúta kan wá látorí òkè.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi. Àwọn ọmọ rẹ á máa gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu ju bí mo ṣe ń gbọ́ tìrẹ lọ. O ò ní rí àárẹ̀, o ò ní sunkún lórí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọkàn rẹ á balẹ̀, oorun rẹ á dùn, ilé rẹ á tòrò. Bá mi kí ìyàwó rẹ, sọ fún un pé mo dúpẹ́ fún ìbọ̀sẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sí mi láìjẹ́ kó o mọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, aránṣọ tó ń lọ wo ibi tí ìránṣọ rẹ̀ ń lọ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ẹ̀wù òtútù bàbá rẹ, tí o bá dé ilé tí o ò rí i lẹ́yìn ilẹ̀kùn, má wá a. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti gé apá rẹ̀ kúrú, mo ti rán bọ́tìnnì tó já. Wọ́n ní òtútù orí òkè yẹn kì í ṣe kékeré. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ náà ló máa wọ̀ ọ́ bọ̀.