Owó Ọpẹ́ Tí Mò Ń San fún Alhaji

Mò ń lọ yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin tí ọ́fíìsì Section 8, ètò ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bá aláìní san owó ilé, máa ń rán wá yẹ ilé wò lọ́dọọdún kanlẹ̀kùn. Ó yẹ fèrèsé wò, ó tan sítóòfù, ó wá bi mí bóyá mò ń fún onílé ní nǹkan kan yàtọ̀ sí ìpín tèmi nínú owó ilé. Lẹ́ẹ̀mejì tó ti wá rí, irọ́ ni mo pa. Lọ́jọ́ yẹn mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin òǹkàwé, èmi ni mo fẹjọ́ Alhaji, onílé mi, sùn. Ìmọ̀ràn ni mò ń wá, kì í ṣe ìdáríjì.

Ọ́fíìsì máa ń wo owó tó ń wọlé fún mi, èmi á san nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá rẹ̀ fún ilé, àwọn á san ìyókù fún onílé. Ìwé tí Alhaji fọwọ́ sí ní kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó ti kú ni, òun ló fún wa nílé ní Landover nígbà tí àwọn onílé míì ń gbọ́ Section 8 tí wọ́n ń kọ̀. Ó ní kí n máa mú àádọ́ta dọ́là wá lóṣooṣù, pé kì í ṣe owó ilé, owó ọpẹ́ ni. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́... ẹ mọ ìparí òwe náà. Mò ń kúnlẹ̀, mò ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Nígbà tó yá, ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ gé wákàtí mi kù. Ọ́fíìsì bá dín ìpín mi kù láti $240 sí $170. Mo sọ fún Alhaji, mo rò pé yóò bá mi yọ̀. Ó ní ọpẹ́ mi ti di $120. Ẹ ṣírò ó! Àádọ́rin dọ́là tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí mi, òun ló gbé e padà síbẹ̀, kò dín ẹyọ kan. Irú ọpẹ́ wo nìyẹn?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní bẹ́ẹ̀ ni fún obìnrin yẹn. Ọ́fíìsì ti kọ̀wé sí Alhaji pé kó dá owó mi padà. Lánàá ó gbé lẹ́tà kan wá, pé kí n fọwọ́ sí i pé ẹ̀bùn ni, pé èdè òyìnbó tí obìnrin yẹn fi bi mí ni kò yé mi. Èmi tí mo jáde ìwé mẹ́wàá! Ó ní èmi, ìyàwó ọ̀rẹ́ òun, ti ta òun fún òyìnbó, pé bí n kò bá fọwọ́ sí i, kí n kó ẹrù mi tí lease, ìwé àdéhùn ilé wa, bá ti parí. Oṣù méjì ló kù. Ọmọ mi obìnrin ku ọdún kan kó jáde high school. Àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí ní kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mi ò kúnlẹ̀ mọ́. Orúnkún mi ti dúpẹ́ tó.

Ẹ sọ fún mi, ṣé kí n dúró síbí kí n bá a fà á, àbí kí n gbé voucher mi, ìwé tí ọ́fíìsì fi ń bá mi sanwó ilé, máa wá onílé míì kiri? Ṣé ìgboyà ni mò ń ṣe, àbí agídí tí ọmọ mi ni yóò jìyà ẹ̀? Lẹ́tà náà ṣì wà lórí tábìlì. Ọmọ mi kà á láàárọ̀ yìí kó tó lọ wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé báàgì ẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní, "Mummy, three years lẹ fi ń thank Alhaji. Ṣé òun ti thank yín rí?"