Obì Ló Pa Ajá Bàbá

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ìsàlẹ̀-Ọba,
Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà, 2024.

Àbúrò mi àtàtà, Tẹjúmọ́lá,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ Ẹ̀ríolúwa ti lọ? Ẹ kú iṣẹ́ Òṣogbo o, ẹ sì kú òjò. Ara tèmi le, inú mi nìkan ni kò dùn.

Iṣẹ́ tí o rán dé etí mi. O ní kí n kúnlẹ̀ bẹ Bàbá wa, pé mo dójú tì wọ́n láàárín ẹbí. Mo ń kúnlẹ̀ kí Bàbá láràárọ̀, mo kúnlẹ̀ kí wọn lónìí náà, bí wọn ò tilẹ̀ dáhùn. Àmọ́ mi ò ní kúnlẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni nítorí òótọ́ tí mo sọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, torí náà gbọ́ tẹnu tèmi.

O mọ̀ pé wọ́n ń jí ewúrẹ́ gbé ládùúgbò wa. Bàbá ní Tanímọ̀la, ajá wọn, ti ń sùn jù. Nígbà tí Bàbá ń ṣe ọdẹ àdúgbò, obì ni wọ́n fi ń lé oorun lọ. Ni wọ́n bá gún odindi gbànja mẹ́ta, wọ́n pò ó mọ́ ẹ̀kọ àti mílíìkì, wọ́n gbé e fún ajá. Ojú mi ló ṣe. Ẹ̀rín ni mo rín, ọwọ́ tèmi náà ò mọ́ níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí Tanímọ̀la fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń bì, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Bàbá ní ẹnìkan ti fún un ní májèlé jẹ, wọ́n da epo pupa sí i lẹ́nu. Kí Nehemiah, dókítà ẹran, tó dé, ajá ti kú. Ó bi mí ohun tó jẹ, mo sọ fún un. Ó ní ohun tó ń lé oorun lọ nínú obì ló pa á, pé ó wà nínú kọfí àti ṣokoléètì náà, ọkàn ajá kò sì lè gbé e. Ó ní epo ò ràn án lọ́wọ́. Ó ní àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ àṣẹ́kù pàápàá ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, èmi tí mo sì ti ń dà á fún un látọjọ́ yìí.

Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní obì tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ ò lè pa ajá. Wọ́n ní Àfáà Mikail, ayálégbé wa, ló pa á, torí ó bínú lọ́jọ́ tí ajá lá kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀. Wọ́n ní kí Àfáà kó jáde kó tó di Iléyá, tòun ti Rokibat ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi dìde níwájú ẹbí tó péjọ, tí mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ fún un ní obì." Ni gbogbo wọn bá bú mọ́ mi pé mo ti ya aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Ó dáa. Bàbá ti tún gba ọmọ ajá kan wá láti Kuta. Lánàá, ó sún mọ́ àwo obì wọn. Bàbá yára dìde, wọ́n gbé àwo náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Tẹjúmọ́lá, bó bá jẹ́ Àfáà ló pa Tanímọ̀la, kí ni wọ́n ń gbé obì sá fún?

Nítorí náà, má bá mi bẹ Bàbá. Wá sílé kó tó di Sátidé, kí o bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn lójú mi. Bí ẹrù Àfáà bá máa jáde nínú ilé yìí, tèmi ni yóò ṣáájú.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbá Ẹ̀ríolúwa mọ́ra.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí kò ní kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ,
Sẹ̀gilọlá.