Bàbá Àmì, Ẹni Tó Sọ Kọ́kọ́rọ́ Púpọ̀ Di Ẹyọ Kan

Ọdún 1961 ni wọ́n bí bàbá wa, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé tí bàbá wọn ti ń to lẹ́tà. Ìyá wọn ń ránṣọ. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi àmì ohùn sórí gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ, ni ayé bá sọ wọ́n ní Bàbá Àmì kí wọ́n tó hu irùngbọ̀n. Ọmọ tó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láìfi àmì sí i kì í rí èsì gbà. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ló ń béèrè tàbí ọkọ́.

Ní 1996, wọ́n fẹ́ màmá wa, nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn tí Bàbá ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Páásíwọ́ọ̀dù pọ̀ níbẹ̀ débi pé àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́ sátẹ́lẹwọ́. Bàbá kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí kan lórí ìkànnì ilé ìwòsàn, wọ́n sọ ọ́ di àrokò tí ẹlòmíràn ò lè kà, kí kálukú lè fi gbólóhùn Yorùbá kan ṣoṣo ṣí tirẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí èèyàn lè gbà ṣí i láìsí gbólóhùn náà. Ẹni tó bá ṣì í tẹ̀ léraléra, àpótí á tì pa títí láé. Wọ́n ní olè ni àwọn ń dá lẹ́kun.

Màmá kú ní 2011, àbíkẹ́yìn wọn ṣì ń rá. Bàbá kó ohùn wọn tó wà nínú fóònù, ẹ̀rín, ẹ̀fẹ̀, bí wọ́n ṣe ń rẹ ọmọ lẹ́kún, sínú irú àpótí kan náà. Wọ́n ní kí ọkàn àwọn rọlẹ̀ ná, a ó jọ gbọ́ ọ.

Àìsàn dé bá Bàbá, fóònù yẹn, tí wọ́n fi tẹ gbólóhùn àpótí náà, sì ti bàjẹ́. Bàbá fẹnu ara wọn sọ gbólóhùn náà fún wa: “Ẹ̀rín rẹ ò tíì tán nílé wa.” A fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́. Àpótí kọ̀.

“Ẹ wo àmì yín dáadáa,” ni Bàbá ń wí.

Àmì pé. A ń tẹ̀ ẹ́ títí àpótí fi tì pa. Ọmọṣẹ́ kan tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló wá ṣàlàyé: lórí “ẹ̀”, ẹ̀rọ kan a máa fi àmì ìsàlẹ̀ ṣáájú tòkè, òmíràn a máa fi tòkè ṣáájú. Lójú wa, ọ̀kan ni; lójú àpótí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bàbá ò rántí kọ́ àpótí pé ọ̀kan ni méjèèjì. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n kọjú sí ògiri, wọn ò sì bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Inú ń bí wa. Ó ń dùn wá wọra.

Wọ́n fi ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méjì sáyé lọ. Àbíkẹ́yìn wọn ò mọ ohùn ìyá rẹ̀.

Bàbá, ẹ sùn un re. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Màmá, ẹ óò gbóhùn wọn. Àwa ò ní gbọ́ ọ mọ́.